Kíbọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ ní GRUB, àmọ́ ó kú níbi tí Linux ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù dísìkì

Atẹ̀wéÒṣogbo | Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń kán mi lójú.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní l'Óṣogbo. Kọ̀ǹpútà kan wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí a ń kó gbogbo iṣẹ́ oníbàárà sí: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, káléńdà. Arch Linux (ọ̀kan nínú oríṣi Linux) ló wà lórí rẹ̀, kernel (ọkàn Linux) rẹ̀ ni linux-lts. Mo fi LUKS (ètò tó ń fi páswọ́ọ̀dù ti dísìkì) ti dísìkì rẹ̀ pa, torí wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi rí, wọ́n sì kó ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ yìí kò ní kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, kò ní máòsì. Láti orí láptọ́ọ̀pù mi ni mo ti ń fi SSH (ọ̀nà láti gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì darí ẹ̀rọ mìíràn) wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú nìkan ni mo máa ń gbé kíbọ́ọ̀dù USB lọ bá a kí n lè tẹ páswọ́ọ̀dù.

Lálẹ́ àná, iná lọ, ínfátà kò gbé e dé àárọ̀. Mo tan ẹ̀rọ lónìí, mo ki kíbọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́. Ní GRUB (ibi tí a ti ń yan Linux tí ẹ̀rọ máa gbé dìde), mo ń fi ọfà lọ sókè sódò, ó ń dáhùn dáadáa. Ó wá dé ibi yìí:

`A password is required to access the cryptroot volume:`
`Enter passphrase for /dev/sda2:`

Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí nǹkan kan. Enter gan-an kò mú un mira. Kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta ni mo ti pààrọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ẹnìkan ń bọ̀ wá gba ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀, inú ẹ̀rọ yẹn ló sì wà. Ṣé dísìkì ti lọ ni?

Ọmọ_Káàfè | 8:03

Bọ̀dá, ẹ fọ́máàtì ẹ̀, kí ẹ gbé Windows sí i. Wàhálà Linux ti pọ̀ jù.

Alámòójútó | 8:06

Atẹ̀wé, má fọ́máàtì ohunkóhun. Ọmọ_Káàfè, ìkìlọ̀ kejì rèé lóṣù yìí.

ÌyáDebian | 8:31

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá rí dísìkì débi tó fi ń béèrè páswọ́ọ̀dù rẹ̀, dísìkì kọ́ ni màá kọ́kọ́ fura sí. Dá mi lóhùn ìwọ̀nyí:

Nígbà tó bá dé ibi páswọ́ọ̀dù yẹn, tẹ Caps Lock. Ṣé iná rẹ̀ tàn? Ṣé ó kú nígbà tí o tún un tẹ̀? Mi ò sọ iná aláràbarà tó ń tàn lábẹ́ bọ́tìnnì o. Ìyẹn kàn ń jẹ iná láti inú pọ́ọ̀tù ni, yálà ẹ̀rọ ń gbọ́ ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń sọ tàbí kò gbọ́. Iná Caps Lock, kernel fúnra rẹ̀ ló ń tàn án. Bó bá dáhùn, a jẹ́ pé kernel ti gbọ́ ọ.

Ṣé o mọ̀ pé níbẹ̀, kò ní fi lẹ́tà hàn, kò sì ní fi ìràwọ̀ hàn? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rò pé kíbọ́ọ̀dù kú, àṣé ó ń gba gbogbo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ láìfọhùn.

Ìgbà wo lo ṣe àpdéètì kẹ́yìn? Lọ́jọ́ náà, ṣé kíbọ́ọ̀dù wà lára ẹ̀rọ?

Wáyà_Pupa | 8:40

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó dé). Nǹkan mẹ́ta ni kó wò níbẹ̀: Fast Boot, kó pa á, Legacy USB Support, kó tan án, XHCI Hand-off, kó tan án. Kó sì yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò nínú pọ́ọ̀tù aláwọ̀ búlúù, kó ki í bọ dúdú. Mo ti tún irú èyí ṣe ju ogún lọ.

Atẹ̀wéÒṣogbo | 9:17

Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, ọ̀gá Wáyà.

Caps Lock kò tàn rárá ní ibi páswọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé kì í fi lẹ́tà hàn, mo ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún méjì. Mo ti ṣe ti BIOS, mo pààrọ̀ pọ́ọ̀tù, bákan náà ló rí. Àpdéètì: ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, `pacman -Syu` láti orí láptọ́ọ̀pù. Mo rántí pé kernel wà nínú ohun tó dáùnlóòdù. Kíbọ́ọ̀dù kò sí lára rẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ iṣẹ́ mi ti ń lò ó.

ÌyáDebian | 9:29

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán nìyẹn.

Wáyà_Pupa, mi ò bá ọ jà, àmọ́ Fast Boot àti Legacy USB, GRUB ni wọ́n sábà máa ń ṣe ní jàǹbá. Ti àbúrò yìí dáhùn ní GRUB. Ọwọ́ mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù ń gbà kọjá kí ẹ̀rọ tó tan tán pátá. Àkọ́kọ́ ni BIOS (UEFI ni lórí ẹ̀rọ tuntun): òun ló ń bá kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ nígbà GRUB, torí náà bí ọfà ṣe ń lọ sókè sódò ní GRUB kò sọ ohunkóhun fún ọ nípa Linux. Ìkejì ni kernel pẹ̀lú initramfs, àpò kékeré tó gbé dání. Ohun tí kò bá sí nínú àpò yẹn, kò ní í, torí dísìkì ńlá ṣì wà ní títì pa. Ìkẹta ni Linux fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí dísìkì bá ti ṣí, níbi tí gbogbo módúùlù (ẹ̀yà kernel tó ń bá ohun èlò kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀) wà. Ibi ìkejì ni tìrẹ ti kú.

Mo mọ Debian ju Arch lọ, kí ẹni tó ń lo Arch gbà á lọ́wọ́ mi.

Wáyà_Pupa | 9:34

Mà, mo gbà, àmọ́ mi ò gbà tán. Mo ti rí ẹ̀rọ kan tó jẹ́ pé pọ́ọ̀tù búlúù kú níbi páswọ́ọ̀dù, dúdú sì ń ṣiṣẹ́, torí módúùlù ehci wà nínú àpò yẹn, xhci kò sí níbẹ̀. Nítorí náà pípààrọ̀ pọ́ọ̀tù kì í ṣe iṣẹ́ òfo.

ÌyáDebian | 9:36

Òótọ́ nìyẹn. Mo gbà fún ọ.

Arìnkò_Arch | 9:58

Mo dé. Ẹ má bínú, ojú ọ̀nà ni mo wà.

Atẹ̀wé, tún ẹ̀rọ tan. Ní GRUB, lọ sí "Advanced options for Arch Linux". Wàá rí ìlà kan tí "(fallback initramfs)" wà ní ìparí rẹ̀. Yan ìyẹn. Ki kíbọ́ọ̀dù bọ ẹ̀rọ kí o tó tan án. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Padà wá sọ fún wa.

Atẹ̀wéÒṣogbo | 10:21

Ó ṢÍ O! Ó ṢÍ! Caps Lock tàn, mo tẹ páswọ́ọ̀dù, ó wọlé. Ìwé ètò bàbá wà níbẹ̀ digbí. Mo ti dà á kọ sórí fláàṣì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ kí ló dé tí èyí fi ṣí tí tàkọ́kọ́ kò ṣí? Mi ò fẹ́ kó tún ṣe mí bẹ́ẹ̀ bí iná bá tún lọ. Iná á kúkú tún lọ.

Arìnkò_Arch | 10:50

Ọpẹ́ ni. Má ì tíì pa á, ká tún un ṣe báyìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Gbogbo ìgbà tí kernel tuntun bá dé, Arch máa ń pe `mkinitcpio` kó di àpò tí ÌyáDebian sọ yẹn. Nínú `/etc/mkinitcpio.conf`, ìlà kan wà tó ń jẹ́ HOOKS, tó to àwọn hook, ìyẹn iṣẹ́ tí mkinitcpio máa ṣe, tẹ̀léra. Ọ̀kan nínú wọn ni `autodetect`. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó wo ohun tó wà lára ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kó sì gé gbogbo módúùlù tí kò kan wọ́n kúrò, kí àpò lè fúyẹ́. Àwọn hook tó bá tẹ̀lé autodetect nínú ìlà yẹn ni ọ̀bẹ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, o ṣe àpdéètì láti orí SSH. Autodetect wò yíká: kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí máòsì. Ó ní, ta ló fẹ́ lò ó? Ó gé e. Ẹ̀rọ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ látọjọ́ Ẹtì, ìwọ kò sì mọ̀, torí o kò tún un tan. Àná tí iná lọ ni àṣírí tú.

Àwọn ìgbà tó ti kọjá ńkọ́? Mo fura pé lẹ́yìn tí o bá ṣí ẹ̀rọ tán, kíbọ́ọ̀dù ṣì máa ń wà lára rẹ̀ nígbà tí o bá ń ṣe àpdéètì.

Fallback, àpò kejì tí wọ́n dì láìlo autodetect ni. Ó tóbi, ó sì ń falẹ̀ díẹ̀ kó tó gbéra, àmọ́ gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Ìdí tó fi ṣí nìyẹn.

Báyìí, gbé ìlà HOOKS rẹ wá ká wò ó.

Atẹ̀wéÒṣogbo | 11:02

Òtítọ́ lẹ sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ṣí i, màá ṣe àpdéètì lójú ibẹ̀, màá wá yọ kíbọ́ọ̀dù. Ìlà náà rèé:

`HOOKS=(base udev autodetect modconf block encrypt filesystems keyboard fsck)`

Arìnkò_Arch | 11:10

Ẹ wò ó, `keyboard` wà lẹ́yìn `autodetect`. Gbé e síwájú:

`HOOKS=(base udev keyboard autodetect modconf block encrypt filesystems fsck)`

Lẹ́yìn náà:

`sudo mkinitcpio -P`

P ńlá ni o. Yóò di àpò gbogbo kernel tó wà lórí ẹ̀rọ. Kí o tó tún ẹ̀rọ tan, yẹ àpò náà wò:

`lsinitcpio /boot/initramfs-linux-lts.img | grep -i hid`

Ó yẹ kí o rí orúkọ módúùlù kíbọ́ọ̀dù bíi usbhid, hid-generic àti àwọn ẹbí wọn. Ṣe àyẹ̀wò yìí kí o tó tún un tan, má ṣe dúró di ẹ̀yìn rẹ̀.

Atẹ̀wéÒṣogbo | 11:41

Kí n tó ṣe é, mo kọ́kọ́ yẹ àpò àtijọ́ wò: grep kò mú ohun kan jáde, òfìfo. Lẹ́yìn `mkinitcpio -P`, ìlà tó jáde kún ojú ẹ̀rọ. Mo wá yọ kíbọ́ọ̀dù, mo tún `mkinitcpio -P` ṣe láti orí SSH láti dán an wò, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án, mo ki kíbọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, mo yan ìlà àkọ́kọ́ ní GRUB. Ó gba páswọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà.

Alámòójútó | 11:44

Mo ti fi [Ó TI YANJÚ] síwájú àkòrí. Ẹni tó bá ní ìṣòro tó jọ ọ́ lè bá a lọ níbí.

ÀgbẹÒru | 12:15 ọ̀sán

Bí kò bá sí fallback ńkọ́? Mo pa tèmi rẹ́ torí /boot mi (ibi tí kernel àti àpò rẹ̀ wà) kéré.

Arìnkò_Arch | 12:33

Fláàṣì tí o fi gbé Arch sórí ẹ̀rọ ni yóò gbà ọ́. Fi tan ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà (fi orúkọ dísìkì tìrẹ rọ́pò):

`cryptsetup open /dev/sda2 cryptroot`
`mount /dev/mapper/cryptroot /mnt`
`mount /dev/sda1 /mnt/boot`
`arch-chroot /mnt`
`mkinitcpio -P`

Ìlà kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Bí o kò bá gbé /boot sí àyè rẹ̀, mkinitcpio kò ní rí kernel tó wà níbẹ̀, àpò tí GRUB ń lò kò sì ní yí padà. Wàá tún ẹ̀rọ tan, wàá ní ohun tí mo sọ kò ṣiṣẹ́. Mo ti fi odindi òru ọjọ́ kan jìyà èyí, mi ò tijú láti sọ ọ́.

ÌyáDebian | 12:50

Fún àwọn ará Debian àti Ubuntu tó ń lo initramfs-tools (ètò tó ń di àpò náà): irú ọ̀bẹ yìí wà lọ́dọ̀ wa náà, àmọ́ inú àkọ̀ ló wà. Ẹ wo `/etc/initramfs-tools/initramfs.conf`. Bó bá jẹ́ `MODULES=most`, bó ṣe ń wá nìyẹn, ẹ sùn. Bí ẹnìkan bá ti yí i sí `MODULES=dep` torí ó fẹ́ kí initrd (àpò náà) kéré, òun náà ń wo ohun tó wà lára ẹ̀rọ kó tó di ẹrù. Ẹ dá a padà sí most, kí ẹ wá ṣe `sudo update-initramfs -u -k all`. `lsinitramfs` ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Fedora, dracut ni tiwọn. Ìlà tí "rescue" wà nínú rẹ̀ ní GRUB ni fallback tiwọn, nítorí wọ́n di ìyẹn láìwo ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn. Bó bá ṣí pẹ̀lú rescue, `sudo dracut -f -N --regenerate-all` lẹ́yìn rẹ̀.

Àjàṣẹ́_Linux | 1:24

Ẹ kú ọ̀sán láti Àjàṣẹ́. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ń dáhùn, Caps Lock ń tàn, àmọ́ ó ń sọ pé páswọ́ọ̀dù mi kò dára. Bí mo bá wọlé láti orí fláàṣì, páswọ́ọ̀dù kan náà ló ń ṣí i. Arch ni èmi náà ń lò. AZERTY (ètò bọ́tìnnì ti Faransé) ni kíbọ́ọ̀dù mi, bí gbogbo èèyàn ní Benin.

Arìnkò_Arch | 1:31

AZERTY yẹn gan-an ni. Nínú àpò kékeré, kernel rò pé kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni. O tẹ a, ó gbọ́ q. O tẹ z, ó gbọ́ w. O tẹ m, ó gbọ́ àmì ;. Nọ́ḿbà tí o fi Shift tẹ̀ di àmì ìyanu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kọ `KEYMAP=fr` sínú `/etc/vconsole.conf`, fi hook `keymap` sẹ́yìn `keyboard`, kó wà ṣíwájú `encrypt`, kí o ṣe `mkinitcpio -P`. Títí ìgbà náà, bí o bá mọ ibi tí bọ́tìnnì wà lórí QWERTY (ti Amẹ́ríkà), o lè tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ bíi pé òun ló wà níwájú rẹ.

Àmì_Ohùn | 1:47

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Linux (`ng`, variant `yoruba`) sórí ẹ̀rọ mi, inú mi dùn débi pé mo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá alámì ṣe páswọ́ọ̀dù LUKS. Ọ̀rọ̀ náà ní ọ́ méjì àti ṣ kan. Láti ọjọ́ náà, fláàṣì ni mo fi ń wọlé.

ÌyáDebian | 2:05

Mo rẹ́rìn-ín, ọmọ mi, má bínú. Ìfẹ́ èdè rẹ wù mí, ibi tí o gbé e sí ni kò dáa.

Wò ó: ojú máa ń rí ọ́ bí lẹ́tà kan. Lójú ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ ọ tó ti ní àmì nísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì òkè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ ó tí wọ́n wá lẹ àmì ìsàlẹ̀ mọ́. Ó sì lè jẹ́ o lásán tí wọ́n lẹ méjèèjì mọ́. Lórí ìwé, ọ̀kan ni. LUKS kì í wo ìrísí, byte (nọ́ḿbà tí ẹ̀rọ fi ń pa lẹ́tà mọ́) ló ń kà, byte mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yàtọ̀ síra. Kódà bí o bá rí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lò níbẹ̀, kò dájú pé bí o ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní ni yóò tún ṣe jáde.

Wọlé láti orí fláàṣì, kí o fi `cryptsetup luksAddKey` fi páswọ́ọ̀dù kejì kún un, lẹ́tà tí kò lámì nìkan. Ààyè wà: LUKS1 ní mẹ́jọ, LUKS2 gbà tó 32. Èyí tó lámì lè wà níbẹ̀ fún ẹwà.

Táyé_Láptọ́ọ̀pù | 3:12

Láptọ́ọ̀pù ni tèmi. Kíbọ́ọ̀dù ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní BIOS, ó ń ṣiṣẹ́ ní GRUB. Bí Linux bá ti dé, ó kú, kì í jí padà kódà lẹ́yìn tí mo bá wọlé tán. Kíbọ́ọ̀dù USB ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Mo ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ MODULES yẹn, kò yí nǹkan kan padà. Debian 12, kernel 6.1, ẹ̀rọ náà kò pẹ́ tí wọ́n ṣe é.

Wáyà_Pupa | 3:40

Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti Atẹ̀wé. Nígbà tí kò jí padà lẹ́yìn tí o wọlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò.

Kíbọ́ọ̀dù inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kì í ṣe USB. Ojú ọ̀nà PS/2 àtijọ́, i8042, ló ń gbà, IRQ 1 ni nọ́ḿbà rẹ̀ (IRQ ni ìkànkùn tí ohun èlò fi ń pe kernel). Fi kíbọ́ọ̀dù USB wọlé, kí o tẹ:

`grep i8042 /proc/interrupts`

Tẹ bọ́tìnnì ara láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí o tún un ṣe. Bí nọ́ḿbà iwájú ìlà 1 kò bá gbéra, kernel kò gbọ́ ìkànkùn rárá.

Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan, ohun tí ACPI (àlàyé tí BIOS fún kernel nípa ẹ̀rọ) sọ nípa IRQ 1 àti ohun tí kernel rò nípa rẹ̀ kò bára mu. Kernel ń yí ètò rẹ̀ padà, kíbọ́ọ̀dù á sì yadi. Nínú kernel, fáìlì `drivers/acpi/resource.c` ní orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí kò gbọ́dọ̀ yí i fún, wọ́n sì ń fi orúkọ tuntun kún un láti kernel dé kernel. Nítorí náà gbé kernel tó tún jẹ́ tuntun láti backports (ibi tí Debian ń kó ẹ̀dà tuntun sí), kí o wò ó. Kí ìyẹn tó dé, o lè tẹ `e` ní GRUB, kí o fi `i8042.reset i8042.nomux` sí ìparí ìlà linux. Ìgbà kan ṣoṣo ni yóò wà níbẹ̀, kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Táyé_Láptọ́ọ̀pù | 6:58 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ḿbà kò gbéra rárá, bí ẹ ṣe sọ. Ti i8042.reset kò ṣe é. Mo gbé kernel láti backports, ó ti ń ṣiṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an ni mo fi ń kọ èyí.

Alẹ́_Bluetooth | 7:20

Kíbọ́ọ̀dù mi jẹ́ Bluetooth...

ÌyáDebian | 7:22

Ra olówáyà kan síbẹ̀. Bluetooth ń dúró de ètò kan tó wà lórí dísìkì, dísìkì sì ń dúró de páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ. Bó bá ní dongle USB tirẹ̀ tó ń ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù olówáyà, ìyẹn dára.

Atẹ̀wéÒṣogbo | Ọjọ́bọ̀, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo padà wá. A tẹ ìwé ètò tán, wọ́n ti kó o lọ.

Ìbéèrè kan: ṣé mo lè máa tẹ páswọ́ọ̀dù láti ilé tí iná bá dé lóru, láìgbé kíbọ́ọ̀dù lọ bá a rárá?

Arìnkò_Arch | 5:15

O lè ṣe é láti orí láptọ́ọ̀pù inú ṣọ́ọ̀bù, kí o tó lọ sílé. Ti ilé, ọ̀rọ̀ VPN (ọ̀nà àdáni láti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù) ni, ká fi sí ọjọ́ mìíràn. Gbé `mkinitcpio-netconf`, `mkinitcpio-dropbear` àti `mkinitcpio-utils` sórí ẹ̀rọ. Kó kọ́kọ́rọ́ SSH rẹ sínú `/etc/dropbear/root_key`. Nínú HOOKS, fi `netconf dropbear encryptssh` rọ́pò `encrypt`, kí o fi `ip=` tó bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ mu kún ìlà kernel. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o, Wi-Fi kò ní ṣe é níbẹ̀.

Jẹ́ kí `keyboard` wà níbi tí a gbé e sí síbẹ̀. Ọjọ́ tí ráútà bá kú, òun lo máa sá lọ bá.

Ọmọ_Káàfè | 5:31

Ẹ̀rọ Windows wa ní káàfè kọ̀ láti tan láàárọ̀ yìí. Kíbọ́ọ̀dù kò dáhùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ibo ni kí n kọ ọ́ sí?

Alámòójútó | 5:33

Ṣí ìjíròrò tuntun. Kí o sì kọ́kọ́ tẹ Caps Lock.